Aládìrẹ Níbi Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọwọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ fún ẹni tí ó ń ra nǹkan láti tún un tà, ó jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó ń tà. Amọ̀kòkò, ahunṣọ, agbẹ́gilére, alágbẹ̀dẹ àti aládìrẹ, iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́rùn olúkúlùkù wọn. Èkíní ni iṣẹ́ ọwọ́ gan-an. Èkejì ni òwò tí ó ń mú iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó mọ èkíní dé góńgó. Èkejì ni ó máa ń dá wọn lágara.

Ìbéèrè tí ó bí ìjíròrò yìí kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà. Kí ni ó fà á tí ẹni tí gbogbo ènìyàn ń yin iṣẹ́ rẹ̀, tí ọjà rẹ̀ sì ń tà, kò fi ní rí owó ra aṣọ funfun mìíràn nígbà tí ó bá tà tán? Iṣẹ́ àdìrẹ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó jẹ́ iṣẹ́ tí ó gbajúmọ̀ láàrin àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ NÍNÚ AṢỌ KAN

Orúkọ iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú “àdìrẹ”: “dì” àti “rẹ”. A ó di aṣọ, a ó sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí a bá dì ni aró kò ní í lè wọ̀, funfun rẹ̀ ni yóò sì di ọnà. Bí a bá fi ìko dì í, a ń pè é ní àdìrẹ oníko. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú ni a fi rán an pọ̀, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni. Nígbà tí ó yá ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ dé. Nínú èyí, a kì í di aṣọ mọ́. Ẹ̀kọ tí a fi gbágùúdá sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù ni aládìrẹ ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sí ara aṣọ, tàbí kí ó gbé páànù tí a ti gé ọnà sí lára lé e, kí ó sì fi ẹ̀kọ náà pa á.

Aró pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí a ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Ewé èlú tútù ni a ń gún, tí a ń ṣù, tí a sì ń sá gbẹ. Omi tí a sẹ́ láti inú eérú ni a ń rẹ ẹ́ sí nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gbó. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ fa aṣọ yọ nínú aró, àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní; atẹ́gùn tí ó bá fẹ́ sí i ni ó ń sọ ọ́ di dúdú aró. Bí a bá fẹ́ kí ó dú dáadáa, a ó tì í bọ̀ ọ́ léraléra. Abájọ tí àwọn aláró àtijọ́ fi ń bọ Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin. Wọ́n mọ̀ pé ìkòkò aró lè ṣẹ́ ènìyàn lọ́wọ́.

A sọ gbogbo èyí kí a lè mọ̀ pé aṣọ kan tí ó wà lórí àtẹ kì í ṣe aṣọ nìkan. Ọjọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń tà á láìka ọjọ́ wọ̀nyí mọ́ ọn, apá kan ayé rẹ̀ ni ó ń fi tọrẹ.

ÒWÒ ÀDÌRẸ NÍ ÀÁRỌ̀ ỌJỌ́

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn ìyá wa àtijọ́ kò mọ òwò tí ó kọjá ọjà ìtòsí ilé. Ìtàn kò fara mọ́ èyí. Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1929, àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà ń wá sí Abẹ́òkúta láti ra àdìrẹ lọ́pọ̀lọpọ̀, aṣọ náà sì ń dé ilẹ̀ Gánà ti òní àti àwọn ìlú mìíràn létí òkun. Aṣọ funfun tí ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni àwọn aládìrẹ ń lò, wọ́n sì sábà máa ń gbà á ní àwìn láti ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó. Àwìn yìí ni ó mú òwò náà gbilẹ̀. Òun náà ni ó sì kó ọ̀pọ̀ wọn sí gbèsè nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929.

Àsìkò ìṣòro yìí ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódà olóró àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá, kí owó tí wọ́n ń ná sí i sì lè dín kù. Ẹ̀sùn dé pé aṣọ kò tọ́jọ́ mọ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de àwọn èròjà tuntun wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláró kò gbà, wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba, a sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Kì í ṣe ti ta ni ó jàre ni ó kan ìjíròrò yìí. Ohun tí ó kàn wá ni pé ọ̀ràn tí ó dé bá wọn nígbà náà kò tíì kúrò nílẹ̀: ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kì í fẹ́ kí ọjà òun wọ́n jù, síbẹ̀ bí ó bá ń dín owó kù títí tí iṣẹ́ fi bàjẹ́, orúkọ rẹ̀ ni yóò fi san án.

ÌṢIRÒ TÍ A KÌ Í FẸ́ ṢE

Kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Iye owó tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe iye ọjà. A kàn mú un kí ìṣirò lè yé wa ni.

Ká ní aládìrẹ kan ra aṣọ funfun ní ₦6,000. Ó ná ₦500 sí ẹ̀kọ àti álọ́ọ̀mù, ₦1,500 sí aró, àti ₦500 sí igi ìdáná àti omi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦8,500. Ó ta aṣọ náà ní ₦11,000, ó sì dúpẹ́ pé òun jèrè ₦2,500.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì gbáko ni ó fi kọ ọnà aṣọ náà, tí ó fi rẹ ẹ́, tí ó sì fi sá a. Bí ó bá jẹ́ pé ó gba ènìyàn sí iṣẹ́ náà ní ₦2,500 lójúmọ́, ₦5,000 ni ì bá san fún un. Bí a bá fi èyí kún ₦8,500, aṣọ náà ti di ₦13,500. A jẹ́ pé obìnrin tí ó rò pé òun jèrè ₦2,500 pàdánù ₦2,500. Kò mọ̀ ọ́n lára nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ ní gbèsè, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í sin ara rẹ̀ ní gbèsè.

Kò tán síbẹ̀. Nínú aṣọ mẹ́wàá, ká ní ọ̀kan bàjẹ́: ẹ̀kọ fọ́, tàbí aró kò mú un. Mẹ́sàn-án yòókù ni yóò gbé ẹrù ọ̀kan náà. Bí a bá pín ₦13,500 sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ₦1,500 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tí aṣọ kọ̀ọ̀kan dúró lé lórí ní tòótọ́ wá di ₦15,000. Ohun tí ó bá lé lórí èyí nìkan ni a lè pè ní èrè.

ÌPÀTẸ YÀTỌ̀ SÍ ỌJÀ

Ọjà bí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta jẹ́ ibi tí àwọn tí ó fẹ́ ra àdìrẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀. Láti inú “pa” àti “àtẹ” ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó pa àtẹ, kí ojú rí ohun tí òun ní ni ó kọ́kọ́ ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń wá síbẹ̀ kò tíì mọ ohun tí wọn yóò rà. Ìran ni wọ́n wá wò. Ìran náà ni yóò sọ wọ́n di oníbàárà.

Irú ìpàtẹ báyìí ti wá kárí ayé. Ìlú Santa Fe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọjà àgbáyé fún iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ní 2004. Ìgbìmọ̀ kan ni ó ń yẹ iṣẹ́ wò kí ó tó yan àwọn tí yóò pàtẹ níbẹ̀. Gàsálì Adéyẹmọ, ọmọ Ọ̀fàtẹ̀dó lẹ́bàá Òṣogbo, wà lára àwọn tí ó ti pàtẹ aṣọ aró níbẹ̀. Ibùdó tí Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983 ni ó ti kọ́ṣẹ́. Níkẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀, tí a bí ní Ògìdì, ti lọ sí Amẹ́ríkà láti ọdún 1974. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó mọ ìpàtẹ lò lè jẹ́ kí iṣẹ́ tí a kọ́ lẹ́yìnkùlé ilé dé ibi tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dé.

Síbẹ̀, ìpàtẹ ń jẹ owó. Owó àyè wà, owó ọkọ̀ wà, oúnjẹ àti ibùsùn wà, ọjọ́ tí ènìyàn kò fi ṣiṣẹ́ nílé náà wà. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Bí aládìrẹ wa bá ń ta aṣọ rẹ̀ ní ₦20,000 níbẹ̀, èrè ₦5,000 ni ó ń jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ méjìlá ni yóò tà kí ó tó san owó ìpàtẹ tán. Lórí ìkẹtàlá ni èrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá péré ni ó rù lọ, tí ó sì tà á tán, tí ó ń jó bọ̀ wálé, ₦10,000 ni ó pàdánù. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù: ilé ni a ti ń ṣe ìṣirò yìí, kí a tó san owó àyè.

ỌWỌ́ ÀTI ẸNU LÓRÍ ÀTẸ

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí aládìrẹ mójú tó ni bí aṣọ rẹ̀ yóò ṣe hàn. Aṣọ tí a ká jọ bí aṣọ tí a fẹ́ kó sínú àpótí kò lè sọ̀rọ̀. Kí ó ta ọ̀kan tàbí méjì tí ó dára jù síta, kí ọnà wọn hàn láti òkèèrè. Kí ó sì ní ohun kéékèèké: gèlè, fìlà, àpò ìfàlọ́wọ́, aṣọ ìrọ̀rí. Ẹni tí kò lè ra ìró kan lè ra fìlà kan, kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo.

Ìkejì, kí ó mọ orúkọ ọnà rẹ̀, kí ó sì lè sọ ìtàn rẹ̀. Àdìrẹ Ìbàdàndùn gbé àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, sára. Àdìrẹ Olóba jáde nígbà àjọyọ̀ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935. Ẹni tí ó ra aṣọ tí ó ní orúkọ yóò fi orúkọ náà ròyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí aládìrẹ gbé ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ dání, kí ó máa kọ ọnà níwájú àtẹ. Ẹni tí ó bá rí i bí ọwọ́ ṣe ń lọ, tí ó ń bọ̀, kì yóò béèrè ohun tí ó mú aṣọ wọ́n mọ́.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ iye. Ní ọjà wa, nínà ọjà jẹ́ apá kan ìwà ọmọlúàbí. Olùtajà a sọ iye tí ó ga, olùrà a bù ú sísàlẹ̀, wọn a sì pàdé lágbedeméjì. Níbi ìpàtẹ, ọ̀pọ̀ olùrà a máa retí kí a kọ iye sára ọjà. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, àwọn onítìjú yóò kọjá láìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò nájà kò ní í ṣàì dé.

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ₦2,000 kúrò nínú rẹ̀.”

“Ọmọ mi, o ṣeun. Bí mo bá yọ ọ́, ọjọ́ tí mo fi kọ ọ́ ni mo yọ. Gèlè tí ó bá a mu nìyí. Iye rẹ̀ kò tó ti ìró. Wò ó bóyá yóò bá owó rẹ lọ.”

Ìdáhùn yìí dára, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún olùrà láìta iṣẹ́ nù. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ₦2,000 náà túmọ̀ sí. Bí ó bá yọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn, èrè orí aṣọ kọ̀ọ̀kan yóò di ₦3,000. Aṣọ méjìlá tí ó yẹ kí ó san owó ìpàtẹ yóò di ogún. Nínú ẹ̀dínwó kékeré ni aṣọ mẹ́jọ ti lọ.

Ìkẹrin ni òtítọ́. Aró a máa ṣí díẹ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ aṣọ. Kí aládìrẹ sọ fún olùrà pé kí ó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí ó sì sá a síbi òjìji. Ẹni tí a kò bá kìlọ̀ fún, tí aró sì ba aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́, kò ní í dákẹ́. Ẹni tí a kìlọ̀ fún yóò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tí òun rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

AYÉDÈRÚ ÀDÌRẸ

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ òwò yìí láìmẹ́nu kan aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tí ó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá ti wà lórí àtẹ, títí kan ọjà tí a mọ̀ mọ́ àdìrẹ gidi. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Aládìrẹ tí ó bá ní òun yóò bá ẹ̀rọ díje nípa dídín owó kù, ó ti kùnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ kì í jẹun, kì í sì í rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tí ọwọ́ ní tí ẹ̀rọ kò ní ni ó yẹ kí ó dì mú. Bí a bá wo aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ dáadáa, àbùkù tí ó wà ní ìgun kan yóò tún fara hàn bákan náà ní ìgun kejì. Ti ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ méjì tí aládìrẹ kan náà kọ sí ara aṣọ kan náà kì í jọra tán. Kí aládìrẹ máa fi èyí han olùrà lórí àtẹ. Kí òun náà má sì ra aṣọ ẹ̀rọ wá dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ nítorí àtirí èrè kíákíá. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, kò sẹ́ni tí yóò gba ti ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ mọ́.

LẸ́YÌN ÌPÀTẸ

Ìpàtẹ kì í parí lọ́jọ́ tí a bá ká àtẹ. Ìwé kékeré kan ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé aládìrẹ lọ, tí ó tẹ̀lé e bọ̀. Kí ó kọ ohun tí ó tà sínú rẹ̀, iye tí ó tà á, ọnà tí àwọn ènìyàn béèrè jù, àti èyí tí kò sẹ́ni tí ó bojú wò. Lẹ́yìn ìpàtẹ mẹ́ta, ìwé yìí yóò gbọ́n ju ẹnikẹ́ni tí yóò gbà á nímọ̀ràn lọ. Kí ó gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà, kí ó sì fún wọn ní tirẹ̀.

Bí ẹnìkan bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ogún aṣọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí ó rántí pé aró ní àsìkò tirẹ̀. Kí ó dá ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká, kí ó sì gba apá kan owó náà sílẹ̀ kí ó tó ra aṣọ funfun. Àwìn tí ó kó àwọn ìyá àtijọ́ sí gbèsè kò tíì kú. Orúkọ ni ó ń pààrọ̀. Nínú owó tí ó bá sì wọlé, kí ó kọ́kọ́ yọ owó aṣọ funfun tí ń bọ̀ sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà owó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni èrè.

ÌPÍN TI ÀWỌN OLÙKỌ́

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni ó ní àsìkò iṣẹ́ ọwọ́ nínú ètò wọn. Àwọn ọmọ a di aṣọ, wọn a rẹ ẹ́, a ó gbé e kọ́ ara ògiri, a ó pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó parí. Bí olùkọ́ bá dúró síbẹ̀, ìdajì iṣẹ́ náà ni ó kọ́ wọn. Kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ iye tí ohun èlò jẹ sílẹ̀, kí wọ́n ka wákàtí tí wọ́n lò, kí wọ́n sì dá iye lé e. Kí wọ́n pàtẹ ní ọjọ́ àjọyọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì wo bóyá ìṣirò wọn bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu. Olùkọ́ ìṣirò, olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ èdè, olúkúlùkù wọn ni yóò rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ báyìí kò ní í fojú tẹ́ḿbẹ́lú iṣẹ́ ìyá rẹ̀, kò sì ní í gbà kí a rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀bùrú. Nítorí pé kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́ ni ó ń mú kí iṣẹ́ ọwọ́ parun. Nígbà tí iṣẹ́ kò bá bọ́ oníṣẹ́ mọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń kọ̀ láti kọ́ ọ. Ẹni tí ó wà nínú omi kò yẹ kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́. Aládìrẹ tí ó bá lè ka ọjọ́ rẹ̀, tí ó sì lè fi ìgboyà sọ iye rẹ̀ lórí àtẹ, ni a lè retí pé yóò fi ìkòkò aró lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ tí ọmọ náà yóò sì gbà á.